Òpó Méjì

Lẹ́yìn tí a gba ife, lálẹ́ Sátidé,
a jókòó sórí sìmẹ́ńtì pápá Yábàá, ooru ọ̀sán ṣì wà nínú rẹ̀:
Ganíyù tó ń lẹ táyà, Ràfátù tó ń fọ aṣọ àwọn ọmọ,
àti èmi tí mò ń kọ àmì sínú ìwé láti ọdún mọ́kànlá.
Ọ̀rọ̀ Máníjà Odùńlámì ló délẹ̀:
ṣé ó mọ̀ ọ́n ṣe ni, àbí orí rẹ̀ ló ń bá a ṣe é?

Ganíyù ní orí ni.
"Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ta ló wá Ajílété wá?
Ọmọ gíga Ṣómólú yẹn ló fẹ́,
èyí tó lè dúró lásán kó fọwọ́ kan apẹ̀rẹ̀.
Bàbá ọmọ ní owó ò tó, ó mú un lọ sí Kàdúná.
Ó ku ọjọ́ kan ṣoṣo kí wọ́n ti ìwé orúkọ pa.
Máníjà wọ̀tún, ó wòsì,
Ajílété ń ru sìmẹ́ńtì lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá,
bàtà kan dúdú, bàtà kan pupa.
Ó ní, 'Ìwọ, ṣé o lè sáré?'
Ẹni tó sá fún òjò, tó wá kó sábẹ́ òrùlé ilé owó,
ṣé ọlọ́gbọ́n lẹ fẹ́ kí n pè é?"

Ràfátù pòṣé, ó tún pòṣé.
"Agogo márùn-ún ìdájí ni mo máa ń sá aṣọ.
Mo ń rí i tó ń gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá,
ó ń lọ Màkókó, ó ń lọ Àkọkà, ó ń lọ Ìjọrà,
níbikíbi tí wọ́n bá ti kan irin róbótó mọ́ ògiri.
Ọdún mẹ́fà, Ganíyù!
Orí ń sùn lórí ìrọ̀rí, ẹsẹ̀ ló jí.
Ajílété sọ bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án nù nínú ìdíje àkọ́kọ́,
ìwọ gan-an lo pariwo pé kí wọ́n lé e.
Ta ló gbé e sílé, tó ń se ẹyin mẹ́ta fún un láràárọ̀?
Orí ló ń se ẹyin ni?"

Èmi ò sọ̀rọ̀.
Mo ti rí ìwé Máníjà rí, lọ́jọ́ tí mo yá pẹ́ńsù rẹ̀.
Orúkọ ọmọ mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀ ṣáájú Ajílété.
Níwájú èyí: *eékún dá.*
Níwájú èyí: *ìyá rẹ̀ kú, ó lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀.*
Níwájú mẹ́tàdínlógún, ọ̀rọ̀ kan náà, lọ́wọ́ wúyẹ́wúyẹ́:
*èmi ni mo ṣì í wò.*

Ẹni tó ju òkò méjìlélógójì sí máńgòrò,
tí ẹyọ kan jábọ́,
ṣé ojú rẹ̀ ló là, àbí èso náà ló pọ́n?
N ò mọ̀.
Mo ṣáà mọ̀ pé àwa tí a jókòó sábẹ́ igi,
a ò ju ẹyọ kan.

Òun náà dé, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́,
ó ní ta ló fi jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ tó ń jẹ epo.
Ganíyù ò lójú tì, ó bi í.
Máníjà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
"Ẹ dúró dọdún tó ń bọ̀, nígbà tí a bá fìdí rẹmi.
Kò sẹ́ni tó máa dárúkọ orí lọ́jọ́ náà.
Ọwọ́ mi yìí ni gbogbo yín ó máa nàka sí."
Ó lọ pa iná.

Òpó méjì ni ìwé mi ní: ó wọlé, kò wọlé.
Bọ́ọ̀lù tó gbẹ̀yìn lónìí yí ẹnu irin po lẹ́ẹ̀mẹta,
ó dúró díẹ̀ bí ẹni gbàgbé nǹkan sílé,
mo sì ti gbé pẹ́ńsù lé òpó kejì
kí ó tó já bọ́ sínú.
Mo fi ìka mọ́ ọn.
Àbàwọ́n rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.